Ọ̀gá mẹkáníìkì tó jí katakata bàbá mi dìde

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ọ̀gá tó bá mi tún katakata bàbá mi ṣe ní Ìṣẹ́yìn. Massey Ferguson 135 ni, onísílíńdà mẹ́ta, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1964.

Ẹ́ńjìnnì ti gan pátápátá. Ẹlòmíràn ì bá ti fi agbára wọ́ ọ. Ọ̀gá yìí yọ nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ó da dísẹ́ẹ̀lì sínú sílíńdà, ó ní ká fi í sílẹ̀ kó máa mu. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó fọwọ́ yí i, ó sì yí! Ìgbà náà ló tó tú u palẹ̀. Ríìngì ara písítìn àti láínà inú sílíńdà ti jẹ tán. Ó ní tuntun la máa rà, òun ò fẹ́ tòkunbọ̀. Owó yẹn dùn mí o, àmọ́ katakata ò rú èéfín mọ́.

Ọ̀dà ló kù díẹ̀ káàtó: wọn ò ha ibi tó dógùn-ún kí wọ́n tó kùn ún, ó ti ń ṣí lára mọ́gáàdì. Tó bá sì ní "ọ̀la ló máa parí", ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún un. Èmi ò ṣáà fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́. Oko ẹ̀gẹ́ ló ń lọ.