Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì Lẹ́yìn Ìbímọ: Àgbéyẹ̀wò Wọ́ọ̀dù Abiyamọ Kan ní Mainland Èkó

Ọmọ mi kejì ti pé oṣù mẹ́ta, ara mi sì ti balẹ̀ tó láti sọ bí wọ́n ṣe tọ́jú mi níbi tí mo bí i sí. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, nítorí ẹ̀dùn ọkàn kan wà nínú ọ̀rọ̀ mi. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé kò jìnnà sí Ṣómólú tí à ń gbé.

Mo forúkọ sílẹ̀ kí oyún náà tó pé oṣù mẹ́ta. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé ó yẹ kí aboyún rí àwọn olùtọ́jú rẹ̀ ní ìgbà 8, ó kéré tán, kí ó tó bímọ, èmi sì lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orin ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀, lẹ́yìn náà ni wọn yóò yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru wò, tí wọn yóò sì fún wa ní oògùn ibà tí a gbọ́dọ̀ gbé mì lójú wọn. Ìjókòó orí bẹ́ǹṣì pẹ́ púpọ̀, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ tẹnu mọ́.

Wákàtí méjì tó tẹ̀lé ìbí ọmọ náà ni. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi níbòmíràn, bí ọmọ ṣe ké ni gbogbo ojú yí sí i, kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ mi títí ẹ̀jẹ̀ fi rin aṣọ tí mo sùn lé gbingbin; ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sáré lọ pè wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, kí ibi ọmọ tó jáde ni nọ́ọ̀sì ti gún mi ní abẹ́rẹ́ oxytocin ní itan, èyí tó ń mú kí ilé ọmọ fún pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya. Ó gbé ọmọ lé mi láyà, ó da aṣọ bò wá, ọmọ sì ti mu ọyàn kí wákàtí kan tó pé. Ní ìṣẹ́jú 15 síra wọn, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ìdodo mi, yóò wo páàdì, yóò sì kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Mo ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ó ń dùn mí o."

Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ mú ọwọ́ yín wá." Ó gbé ọwọ́ mi lé ikùn mi, mo sì kan ohun líle kan, ó rí roboto bí òroǹbó ńlá. Ó ní, "Bó ṣe yẹ kí ilé ọmọ le nìyí. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹ pariwo pè mí." Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tó fẹ́ pa mí nígbà àkọ́kọ́.

Ìyá ọkọ mi dé pẹ̀lú òrí àti aṣọ tí yóò fi jó ìwọ́ ọmọ. Nọ́ọ̀sì kan náà kúnlẹ̀ kí wọn, ó fi jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine hàn wọ́n, ó ní, "Màmá, èyí ni ká fi pa á, kí kòkòrò má baà gba ibẹ̀ wọlé." Wọ́n gbà láìjiyàn, nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún wọn.

Òru ni nǹkan bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì méjì péré ló wà fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Ọmọ kò mú ọmú dáadáa, orí ọmú mi bó, mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ilẹ̀ sì mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ mi. N kò bínú sí àwọn méjèèjì, mo rí bí wọ́n ṣe ń sáré. Àwọn tó pín iṣẹ́ fún wọn ni mo bínú sí. Nígbà tí wọ́n sì máa dá wa sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ BCG tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún mi pé orí fífọ́ tó le tàbí ojú tó ń ṣú lẹ́yìn ìbímọ lè jẹ́ àmì ẹ̀jẹ̀ ríru tó léwu. Aládùúgbò wa tó jẹ́ agbẹ̀bí ló sọ ọ́ fún mi nílé.

Nígbà tí mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún mátírọ́ọ̀nù, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé níṣojú mi. Tí Ọlọ́run bá fún mi ní ẹ̀kẹta, ibẹ̀ náà ni n ó lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi yóò bá mi sun òru ọjọ́ náà.