Fóònù tuntun, kámẹ́rà tòkunbọ̀ pẹ̀lú lẹ́ńsì inú páálí, tàbí kámẹ́rà tòkunbọ̀ pẹ̀lú lẹ́ńsì 50: èwo ni kí ẹ rà?

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fọ́tò yíyà máa ń bi mí jù l'Ákùrẹ́ níbí kì í ṣe bí a ṣe ń ya fọ́tò. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Bọ̀dá, mo ti tọ́jú owó díẹ̀, kí ni kí n rà?" Owó náà kì í sábà pọ̀. Owó àjọ ni ti ẹlòmíì, ẹlòmíì sì ti fi ọdún kan gbáko ṣa á jọ ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó ṣòfò, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni irú owó yẹn lè gbà lọ. Ẹ lè rà fóònù tuntun tí kámẹ́rà rẹ̀ dáa. Ẹ lè ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ tí kò tíì pẹ́ jù, pẹ̀lú lẹ́ńsì 18-55 tó máa ń bá a wá nínú páálí, èyí tí a lè fà láti 18 tó ń rí ibi gbòòrò dé 55 tó ń fa nǹkan súnmọ́. Tàbí kí ẹ ra kámẹ́rà tó dàgbà jùyẹn lọ, irú Canon 600D tó jáde ní 2011 tàbí 700D ti 2013, kí ẹ fi owó tó ṣẹ́kù ra lẹ́ńsì 50mm f/1.8 sí i, èyí tí kò ṣe é fà ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ń là gan-an. Mo ti lo ti àárín yẹn, ó jẹ mí lówó. Ẹ̀kẹta ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, ọdún kẹfà rèé. Fóònù, kò sí ọjọ́ tí n kì í fi ya nǹkan. Mi ò kọ iye owó síbí, nítorí kí oṣù yìí tó parí ó lè ti yí padà.

Ìmọ́lẹ̀ inú gbọ̀ngàn

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ kà á.

Àbúrò ìyá mi ṣe ọgọ́ta ọdún. Gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sí ojú ọ̀nà Oyèmẹkùn ni wọ́n lò. Kámẹ́rà mi, ti àárín tí mo sọ yẹn, kò tíì ju oṣù méjì lọ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó tà á fún mi ti sọ pé mẹ́gápíksẹ́lì rẹ̀, ìyẹn iye mílíọ̀nù àmì tín-tìn-tín tó ń para pọ̀ di fọ́tò, jẹ́ 24, pé kò sí ohun tí kò lè yà, mo sì gbà á gbọ́. Àǹtí mi gbé iṣẹ́ náà fún mi, wọ́n san owó sílẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ kí ọmọ tiwọn jẹun níbẹ̀.

Àwọn tí a yà níta lábẹ́ igi dára púpọ̀. Ìgbà tí a wọlé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n ti fi aṣọ bo òrùlé àti fèrèsé pátá, iná aláwọ̀ àlùkò nìkan ló ń tàn lára ògiri, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni. Alága ìdúró pe Àǹtí mi, wọ́n jó wọlé, ọwọ́ wọn méjèèjì wà lókè, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí. Mo ń tẹ kámẹ́rà lọ. Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń ṣí, tí ó sì ń pẹ́ díẹ̀ kó tó padé. N kò mọ ohun tí pípẹ́ yẹn ń sọ fún mi.

Lálẹ́ ni mo tó wò wọ́n lórí kọ̀ǹpútà. Tábìlì mú, àga mú, kéèkì mú rekete. Àǹtí mi ni kò mú. Ojú wọn fà gùn, ọwọ́ ọ̀tún wọn dà bí èéfín tó ń jáde láti inú ààrò. Kò sí bí ẹ ṣe lè ka ìka wọn. Nínú fọ́tò ìwọlé tó lé ní ogójì, mẹ́ta péré ni mo rí lò, ìyẹn náà sì jẹ́ ìgbà tí wọ́n dúró kí wọ́n pààrọ̀ orin. Mo dá owó wọn padà. Wọn kò bá mi jà rárá, ṣùgbọ́n títí dòní, kò sí fọ́tò ijó ọgọ́ta ọdún nínú ilé wọn, a ò sì lè padà lọ yà á.

Ohun tó fà á rèé. Ẹ wo ọrùn lẹ́ńsì inú páálí, ẹ ó rí 1:3.5-5.6. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ojú lẹ́ńsì ṣe lè là tó, bó bá ṣe kéré sí ni ojú náà ṣe ń là sí. Bí ẹ bá fà á dé 55 kí ẹ lè rí ojú oníjó, 5.6 ni yóò bá yín dé, ojú rẹ̀ ti kéré nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé kò tó mọ́, kámẹ́rà á wá la ojú sílẹ̀ pẹ́ títí kó lè rí èyí tó tó. Mo padà yẹ àwọn fọ́tò ọjọ́ yẹn wò: 1/15 ló pọ̀ jù nínú wọn, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú-àáyá. Kékeré ni létí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń jó ti kúrò níbi tó wà kí ó tó pé. Ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ ń fẹ́ nǹkan bí 1/125. Oníjó ń fẹ́ 1/250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́ńsì 50mm f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí 5.6 ń gbà. Nínú gbọ̀ngàn kan náà, lábẹ́ iná kan náà, 1/15 yẹn á di nǹkan bí 1/125. Bí ẹ bá wá gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ rí nǹkan tó, láti 1600 sí 3200, ẹ ti dé 1/250 nìyẹn. Fọ́tò náà á ní àmì wẹ́wẹ́ bí iyanrìn díẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n n kò tíì rí oníbàárà tó dá fọ́tò padà nítorí iyanrìn. Ti ọwọ́ tó dà bí èéfín ni wọ́n ń dá padà.

Àwọn kan á ní, fláàṣì ńkọ́? Èyí tó wà lórí kámẹ́rà kì í jìnnà. Iwájú orí àlejò á máa dán bí ẹni tó fi òróró pa á, ẹ̀yìn wọn á sì ṣókùnkùn. Fláàṣì ńlá tí a ń yí orí rẹ̀ sókè dára nínú yàrá tí òrùlé rẹ̀ funfun. Lábẹ́ aṣọ àlùkò, àwọ̀ àlùkò ni yóò dà sórí gbogbo ènìyàn.

Fóònù ńkọ́? Òótọ́ ni pé lẹ́ńsì fóònù tuntun sábà máa ń jẹ́ 1.8 tàbí kó tiẹ̀ là jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn lẹ́ńsì náà kéré. Ti 600D fẹ̀ tó 22mm sí 15mm. Ti ọ̀pọ̀ fóònù kò ju èékánná ìka kékeré lọ. Fóònù wá ń fi ọgbọ́n bo àìtó yẹn: nínú òkùnkùn, ó máa ń ya fọ́tò púpọ̀ tẹ̀lé ara wọn, á sì pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Bí ó bá jẹ́ ilé tàbí ère, á mú un dáadáa, ó máa ń yà mí lẹ́nu nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n oníjó ti ṣípò láàárín ẹyọ kìíní àti ẹ̀kẹta.

Àwọ̀ ara wa àti léèsì funfun

Ibí ni fóònù ti rọrùn jù. Gbogbo kámẹ́rà ló ń rò pé ohun tó wà níwájú òun kò yẹ kó funfun jù tàbí kó dúdú jù. Bí ẹni dúdú bá wọ léèsì funfun tó sì dúró níwájú ògiri funfun, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ẹni náà á sì ṣú. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni náà lórí gíláàsì, kí ẹ fa àmì oòrùn kékeré tó bá yọ sókè díẹ̀. Lórí kámẹ́rà, ẹ wá bọ́tìnnì tí wọ́n kọ +/- sí, ẹ gbé e lọ sí +1. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló ń fo bọ́tìnnì yìí kọjá lójoojúmọ́, tí wọ́n á wá máa fi kọ̀ǹpútà bó ojú ènìyàn funfun lẹ́yìn náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọ̀ ẹni.

Ẹ ṣọ́ agbòòrùn náà. L'Ọ́jà Ọba, agbòòrùn pupa á kun ojú ìyá aláta ní pupa, kò sì sí ohun tí owó kámẹ́rà lè ṣe sí i. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún síta díẹ̀.

Ẹ̀yìn tó ṣú bàìbàì

Fọ́tò tí ojú ẹni mú tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣú bàìbàì, fóònù ń fi ìṣirò ṣe é ni, a sì máa gé etí gèlè sọnù tàbí kó jẹ yẹtí mọ́ ẹ̀yìn. Lẹ́ńsì 50 kò ṣírò ohunkóhun, bí ojú rẹ̀ ṣe là ló fà á, nítorí náà gèlè á pé.

Àyè

Èyí ni àléébù lẹ́ńsì 50, n kò ní fi pamọ́. Lórí 600D tàbí 700D, ó ń ríran bíi lẹ́ńsì 80, ìyẹn ni pé ibi tóóró ló ń rí. Nínú pálọ̀ tí kò tóbi, ẹ lè fẹ̀yìn ti ògiri kí gbogbo ẹbí má sì wọlé sínú fọ́tò. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí olùtajà bá fi 18-55 kún un, ẹ gbà á, ẹ fi ya àwọn tó dúró ní ìlà níta.

Pàkúté tí ẹ lè kó sí

Bí ó bá jẹ́ Nikon lẹ rí, ẹ ṣọ́ra níbí. Àwọn kámẹ́rà rẹ̀ kékeré bíi D3200 tàbí D5100 kò ní mọ́tò nínú, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó lè yí lẹ́ńsì àtijọ́ kí ojú tó mú. Bí ẹ bá ra 50mm f/1.8D sí i, ọwọ́ lẹ ó máa fi yí i kí ojú tó mú, ẹ kò sì lè máa fi ọwọ́ yí i nígbà tí ìyàwó ń jó bọ̀. Èyí tí wọ́n kọ AF-S sí, tí mọ́tò wà nínú lẹ́ńsì fúnra rẹ̀, ni kí ẹ rà. D90 àti D7000 ní mọ́tò tiwọn. Ti lẹ́ńsì Canon EF, inú lẹ́ńsì gan-an ni mọ́tò wà láti 1987, nítorí náà wàhálà yìí kò sí níbẹ̀.

Èkejì ni olú. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ń rọ̀jò púpọ̀, lẹ́ńsì tó bá sì pẹ́ nínú àpò ní ìgbà òjò máa ń hu olú nínú. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín gba inú lẹ́ńsì náà kọjá kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn tàbí gbòǹgbò tín-ín-rín, ẹ fi í sílẹ̀, ì báà jẹ́ iye kékeré ni wọ́n pè é. Ti yín tó bá wà nílé, ẹ kó o sínú ike olómorí tó dé pinpin, kí ẹ fi àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i.

Àwọn tó kù

Mẹ́gápíksẹ́lì: fọ́tò ínǹṣì 5 sí 7 kò nílò ju mílíọ̀nù mẹ́ta lé díẹ̀ lọ kí ó tó jáde dáadáa, 18 ti 600D pọ̀ tó. Ìwúwo: bí ẹ bá ń gun Òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, fóònù ni, kò sí àríyànjiyàn. Bátìrì: ẹ ra méjì. Mẹ́mórì: ẹ má ra ti ẹ̀bá títì. Fídíò: fóònù dára jù 600D lọ. Fífi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp kíákíá: fóònù náà ni.

Èwo wá ni?

Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ, ọjà tẹ́ ẹ ń tà, ọmọ yín nínú àgbàlá, tàbí òkè àti igi lẹ fẹ́ máa yà, fóònù tuntun á tó yín, ẹ ó sì tún fi pe ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ òde ni ẹ fẹ́ fi ṣiṣẹ́, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ, ẹ ra kámẹ́rà àgbà kí ẹ sì fi owó sí lẹ́ńsì 50. Kámẹ́rà tuntun díẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ńsì inú páálí náà ní àyè tiẹ̀, níta, láàárín agogo mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n òde wa kì í parí ní agogo mẹ́fà.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ rà á, ẹ má yà á wò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù níbi tí oòrùn wà. Ẹ wọlé, ẹ bẹ olùtajà kó pa iná, kó fa aṣọ fèrèsé. Ẹ gbé lẹ́ńsì sí 1.8 àti ISO sí 3200. Ẹ ní kó máa jùwọ́ sí yín bí ẹni tó ń kí ènìyàn láti òdìkejì títì, kí ẹ yà á nígbà márùn-ún. Ẹ wá fa fọ́tò náà tóbi lẹ́yìn kámẹ́rà, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá lè ka ìka rẹ̀ pé, ẹ sanwó.