Pàkúté Sherman: ẹ̀rọ tí kò gbọdọ̀ peku

Àwọn àgbà ní ẹ̀bìtì tí kò bá peku, kí ó fẹ̀yìn fẹ́lẹ́yìn. Ti pàkúté Sherman yàtọ̀, nítorí pé ńṣe ni wọ́n ṣe é kí ó lè mú eku láàyè, kí olùwádìí wọ̀n ọ́n, kí ó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kí ó sì tú u sílẹ̀ níbi tó ti mú un. Páànù álúmíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Ó ṣeé ká pẹlẹbẹ sínú àpò, èyí tí a sì ń lò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 23. Bí eku bá ti tẹ irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀, ilẹ̀kùn á pa dé. Kò ní eyín tó ń ṣẹ́ ẹranko lẹ́sẹ̀ bíi ti pàkúté ọdẹ.

Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìtọ́jú ẹranko níbi ìwádìí inú igbó, ohun tí mo sì rí ní ibùdó kan ṣì ń dùn mí. Pàkúté tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni ènìyàn méjì péré dẹ. Kí wọ́n tó dé ìlà pàkúté tó kẹ́yìn, oòrùn ti mú, asín mẹ́ta sì ti kú sínú páànù gbígbóná. Asín kì í lè fara da ebi rárá. Wákàtí mélòó kan láìjẹun tó láti pa á. Bí ìjàlọ bá sì wọlé tọ ẹranko tí a há mọ́, kò rí ibi sá sí.

Ìlànà tí American Society of Mammalogists, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹranko afọ́mọlọ́mú ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2016 ti là á sílẹ̀ pé kí a dẹ pàkúté ẹranko òru kí ilẹ̀ tó ṣú, kí a yẹ̀ ẹ́ wò ní kété tí ilẹ̀ bá mọ́, kí a sì pa á dé lójú ọ̀sán. Mo fi kún un pé kí a ki òwú sí i, kí a fi ewé bò ó, kí a sì fi kòkòrò tàbí ẹja gbígbẹ kún ẹ̀pà tí a fi ń dẹ ẹ́ nítorí asín. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí ibà Lassa, kí ẹ sì fọ ìtọ̀ inú rẹ̀ dànù.

Mo fọwọ́ sí rírà pàkúté yìí, àmọ́ ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ ń bi olùwádìí ni iye ènìyàn tí yóò rìn yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀. Ibùdó yẹn ti dín pàkúté tiwọn kù sí ogójì. Kí ìrì tó gbẹ, wọ́n ti tú gbogbo ẹranko sílẹ̀.