Ẹ̀rọ BP, òṣùwọ̀n, ẹ̀rọ tí ń há ìka: èwo ló yẹ kí ilé aláìsàn ọkàn rà n'Íbàdàn?

Gbàrà tí wọ́n bá ti ní kí aláìsàn ọkàn máa lọ sílé láti ilé ìwòsàn UCH tàbí Adéọ̀yọ́, ẹ̀rọ BP, èyí tí à ń fi wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ni àwọn ará ilé kọ́kọ́ ń sáré rà. Ìyẹn dáa. Ohun tí kò dáa ni pé èyí tó kéré jù, tó rọrùn láti kì bọ àpò, ni ọ̀pọ̀ ń mú. Oríṣi mẹ́rin la yẹ̀ wò níbí, gbogbo wọn ló sì wà ní ilé oògùn káàkiri ìgboro: BP ti apá, BP ti ọrùn ọwọ́, òṣùwọ̀n tí à ń gùn, àti èyí tí à ń fi há ìka láti mọ bí ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú, ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ká má fọ̀rọ̀ falẹ̀: ẹ ra ti apá, ẹ fi òṣùwọ̀n tì í, kí ti ìka dúró ná. Ti ọrùn ọwọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ BP aládàáṣiṣẹ́ ń gbà ṣiṣẹ́. Aṣọ tí wọ́n dì mọ́ apá á fẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní í rí ọ̀nà kọjá, á wá máa tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa gbọ́ bí iṣan ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Gbígbọ̀n yẹn ló fi ń ṣírò nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀. Bí aláìsàn bá ń sọ̀rọ̀, bí ó bá ń mi ọwọ́, bí aṣọ náà kò bá bá apá mu, ìṣirò ti dàrú nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ náà kò sì ní í sọ fún yín pé òun ṣìnà. Nọ́ńbà á kàn jáde gbangba bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwọ̀n aṣọ apá la kọ́kọ́ ń wò ká tó wo orúkọ ilé iṣẹ́. Ẹ mú téèpù télọ̀, ẹ wọn agbede méjì èjìká sí ìgbọ̀nwọ́ yíká. Aṣọ tó wà nínú ọ̀pọ̀ páálí, apá tó jẹ́ 22 sí 32 sẹ̀ǹtímítà ló wà fún. Ìyá tó lára dáadáa, tàbí bàbá tó ti fi apá gbé ẹrù lọ́jà fún ọdún gbọọrọ, lè ní apá 36 tàbí 38. Irú wọn nílò èyí tó dé 42. Aṣọ tó bá kéré ju apá lọ máa ń ti nọ́ńbà sókè: nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Baltimore, tó jáde lọ́dún 2023, ẹni tó yẹ kó lo aṣọ tó tóbi jù lọ, tí wọ́n wá fi ti gbogbogbòò wọ̀n, nọ́ńbà òkè rẹ̀ fi nǹkan bí 20 ga ju bó ṣe rí gan-an. 140 ti di 160 nìyẹn o. Dókítà á gbé oògùn lé oògùn, aláìsàn á dìde lórí ibùsùn láàárọ̀, òòyì á kọ́ ọ.

Ní ti orúkọ, Omron ti ilẹ̀ Japan ló wọ́pọ̀ nínú àwọn tó ṣe é fọkàn tán, àmọ́ orúkọ nìkan kò tó. Ẹ wo nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí stridebp.org, níbi tí wọ́n ń to àwọn ẹ̀rọ tó yege ìdánwò sí. Módẹ́ẹ̀lì tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí owó pọ́ọ́kú tàn yín.

Lílò rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ bọ́ apá bùbá kúrò pátápátá. Bí ẹ bá ká a sókè, á fún apá bí okùn. Kí etí ìsàlẹ̀ aṣọ náà fi ìka méjì ga ju oríkèé ìgbọ̀nwọ́ lọ, kí rọ́bà rẹ̀ gba inú apá sọ̀ kalẹ̀, kí ìka méjì sì lè wọ abẹ́ aṣọ náà. Kí aláìsàn tọ̀, kó fẹ̀yìn ti àga, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì, kó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì, kí aṣọ apá wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ọkàn. Bí tábìlì bá kúrú, ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ ọwọ́. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá péré tí apá bá fi wà nísàlẹ̀ ọkàn á fi nǹkan bí 7 sí 8 kún nọ́ńbà. Obì, kọfí àti sìgá, ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kí wọ́n má wọ ẹnu. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe lápá kan, apá kejì tí àìsàn náà kò mú ni kí ẹ lò.

Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kó tó lo oògùn, lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, fún ọjọ́ méje kí ẹ tó lọ rí dókítà. Ẹ yọ ti ọjọ́ kìíní kúrò, kí ẹ ṣírò ààrin ìyókù. Nílé, 135/85 sókè ni wọ́n ń pè ní ríru. Àmọ́ nọ́ńbà òkè ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́ lè wà ní 100 tàbí 105 nítorí oògùn tó ń lò, ara rẹ̀ á sì le. Tí kò bá sí òòyì, ẹ má sáré fún un ní omi iyọ̀, ẹ má sì dá oògùn dúró. Dókítà ló ni ìpinnu yẹn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, lẹ́ẹ̀mẹta ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, torí pé ẹ̀rọ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ irú ìlù yẹn kà.

BP ti ọrùn ọwọ́ kò burú fúnra rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ń wà ló ń bà á jẹ́: orí itan ni ọ̀pọ̀ ń gbé e sí, ìyẹn sì jìnnà sí ọkàn. Kìkì ẹni tí apá rẹ̀ tóbi débi tí aṣọ kankan kò wọ̀ ọ́ la lè ní kó rà á. Aago ọwọ́ tó ní òun ń wọn BP láìsí aṣọ tó ń fún ọwọ́ pọ̀, aago ni kí ẹ máa fi í wò.

Òṣùwọ̀n ni ọ̀pọ̀ kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń kọ́kọ́ ta wá lólobó. Bí ọkàn bá ti ń rẹ̀ sí i, iyọ̀ àti omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sára kí ẹsẹ̀ tó wú, kí èémí tó há. Lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan. Bí ìwọ̀n ara bá fi ju kílò méjì lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ìdí rèé tí a kò fi dámọ̀ràn òṣùwọ̀n alábẹ́rẹ́, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí bí ti aago: ìlà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ kílò kan-kan, ibi tí ojú bá sì ti wò ó ló ń sọ ohun tó kà. Ẹ ra èyí tó ń kọ nọ́ńbà, tó sì ń fi ìdá mẹ́wàá kílò hàn.

Orí táìsì tàbí sìmẹ́ńtì ni kí ẹ gbé e sí. Orí kápẹ́ẹ̀tì, irọ́ ló ń pa. Àárọ̀, lẹ́yìn títọ̀, kí ẹ̀kọ tó wọnú, pẹ̀lú irú aṣọ kan náà lójoojúmọ́. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kó dúró nítòsí, kó má ṣe dì í mú: aláìsàn tó bá fọwọ́ ti ògiri tàbí tó gbára lé èjìká ọmọ rẹ̀ ti gbé lára ìwọ̀n rẹ̀ lé ibòmíràn. Bí kílò bá ṣàdédé lé, ẹ bi ara yín ohun tí ó jẹ lánàá. Àmàlà kọ́ ni ọ̀tá. Iyọ̀ àti kúbù Maggi tó wà nínú ọbẹ̀ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn kò kún ṣíbí tíì kan, kúbù sì wà nínú ìṣirò náà.

Ní ti ìrìn tí àwọn onífísíò, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, ń kọ fún aláìsàn, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lórí ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ títẹ́jú yẹn ni wàhálà Ìbàdàn! Ẹni tó ń gbé Òkè Àrẹ̀ tàbí ẹ̀bá Màpó, sísọ̀kalẹ̀ rọrùn fún un, àbọ̀ ló le. Kó wọ ọkọ̀ lọ sí Agodi Gardens, tàbí kó máa lọ kó máa bọ̀ nínú ọgbà ilé kí oòrùn tó mú. Bí BP bá ju 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, kó má jáde lọ́jọ́ náà. Iye tí ẹ̀rọ bá ní ọkàn ń lù kò ṣe é fi díwọ̀n ìrìn fún ẹni tó ń lo bisoprolol tàbí carvedilol, torí oògùn náà kì í jẹ́ kí ọkàn sáré. Ẹnu ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: kó lè bá yín sọ̀rọ̀, kó má lè kọrin. Lórí òdiwọ̀n Borg, tí aláìsàn fi ń sọ bí iṣẹ́ ṣe le tó lára òun, tó lọ láti 6 dé 20, ìyẹn ò gbọdọ̀ ju 11 sí 13 lọ. Tí àyà bá ti ń fún un, kó dúró.

Ẹ̀rọ tí ń há ìka wọ́pọ̀, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, awọ dúdú sì máa ń jẹ́ kó ka nọ́ńbà ju bó ṣe yẹ. Ìwádìí tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020 rí i pé nígbà tí ẹ̀rọ náà kọ 92 sí 96, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12 nínú 100 lára àwọn aláwọ̀ dúdú tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn gan-an kò tó 88. Ti àwọn aláwọ̀ funfun kò pé mẹ́rin. Làálì àti ọ̀dà èékánná tún ń dà á láàmú, bẹ́ẹ̀ náà ni ìka tútù nígbà ọyẹ́. Bí ó bá kọ 95, tí aláìsàn sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, èémí ni kí ẹ gbà gbọ́, kí ẹ gbéra lọ sílé ìwòsàn.

Kí ẹ tó san owó BP, ẹ ní kí wọ́n tú páálí níwájú yín, kí wọ́n ki bátìrì bọ̀ ọ́, kí ẹ sì ka ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára aṣọ apá. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń ta aṣọ apá lọ́tọ̀, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ gbó. Ẹ ra bátìrì gidi: iná ìjọba kò ṣe é gbọ́kàn lé, bátìrì tó bá sì ṣomi nínú ẹ̀rọ á bà á jẹ́. Nígbà tí ẹ bá lọ rí dókítà, ẹ gbé e dání, kí nọ́ọ̀sì fi tiwọn àti tiyín wọ̀n ọ́n ní ìkọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta. Bí ìyàtọ̀ bá ń kọjá 10 léraléra, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ gba rìsíìtì lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á.