Sámpù ọ̀kẹ́sítírà: èyí tó bá gbọ̀ngàn wá, àbí èyí tó gbẹ?

Kó o tó fowó sílẹ̀ ra sámpù ọ̀kẹ́sítírà, ìyẹn ohùn àwọn ohun èlò orin ọ̀kẹ́sítírà tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kó o lè máa fi kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ibi tí wọ́n ti gba ohùn náà sílẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ bèèrè.

Lyndhurst Hall, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ní London tó ti di sítúdíò AIR, ni wọ́n ti gba ohùn sámpù tó ń jẹ́ Spitfire Symphony Orchestra sílẹ̀. Ohùn gbọ̀ngàn náà ti wọ gbogbo ẹ̀ lára. Tẹ fáólíìnì, kó o gbé ọwọ́ kúrò: ìró rẹ̀ á ṣì máa yí ká kó tó kú. Ẹni tí kò mọ míìsì (bí wọ́n ṣe ń da àwọn ohùn pọ̀ kó lè dọ́gba) rárá á máa rò pé òun mọ̀ ọ́n. Orin tó ń sáré ni wàhálà rẹ̀: nóòtù àkọ́kọ́ ò tíì lọ tán tí ìkẹta ti dé. O lè fa máíkì tó sún mọ́ olórin sókè, àmọ́ o ò lè yọ gbọ̀ngàn náà kúrò pátápátá.

Ilé-iṣẹ́ sámpù Vienna Symphonic Library ti Austria ní tiwọn kọ́ Silent Stage, yàrá tí kì í fi bẹ́ẹ̀ dún padà. Bó o bá tẹ̀ ẹ́ lásán, kò ní dùn létí. Ìwọ lo máa fi reverb (ìró gbọ̀ngàn àtọwọ́dá) sí i, ìwọ lo máa yan ibi tí fèrè máa jókòó sí. Ṣùgbọ́n nóòtù kéékèèké á dá yanyan. (Àwọn náà ti ń gbohùn nínú gbọ̀ngàn ńlá báyìí, ní Synchron Stage.)

Bó bá jẹ́ orin fíìmù tí wọ́n ń retí lọ́la, ti London ni màá mú. Ẹni tó fẹ́ da sámpù ilé-iṣẹ́ oríṣiríṣi pọ̀, ti Vienna ló máa gbọ́ tirẹ̀.