Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi NVDA kàwé ní yunifásítì

Ojú mi kò ríran, etí ni mo fi ń kàwé. Láti ọdún kìíní ni NVDA, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, ti ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sí mi létí, mo ti dé ọdún kẹta báyìí. Ọmọ Australia kan tí ojú òun náà kò ríran, Michael Curran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, James Teh tí ojú tirẹ̀ náà kò ríran sì dara pọ̀ mọ́ ọn; wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ lò ó. JAWS, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Lórí Google Scholar, níbi tí mo ti ń wá ìwé ìwádìí, ṣe ló máa ń dùn mọ́ mi. Mo tẹ H, ó fò sórí àkọlé ìwé kan; mo tún un tẹ̀, ó kan òmíràn. Mo ti jẹ́ kó máa sáré sọ̀rọ̀ débi pé ẹni tá a jọ ń gbé yàrá bi mí bóyá ológoṣẹ́ ni mo há sínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé orí ìkànnì ilé ìkàwé wa, "button, button, button" ni mo ń gbọ́. Button kí ni? Ẹni tó ṣe é kò kọ orúkọ sí wọn lára. Ẹ̀bi NVDA kọ́ nìyẹn.

Ibi tó ti ń sú mi ni PDF tó jẹ́ fọ́tò. Màá ṣí i, NVDA á ní òfìfo ni, bẹ́ẹ̀ ìwé kún inú ẹ̀ bámú. Títẹ Insert pẹ̀lú R ló ń gbà mí: NVDA á yẹ fọ́tò náà wò, á fa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yọ. Àmọ́ kìkì ohun tó bá hàn lójú kọ̀ǹpútà lásìkò yẹn ló ń kà, torí náà bí mo bá ṣe ń ṣípò nínú ìwé ni mo tún ń tẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n ti ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ títí tí yíǹkì fi ṣá, kántankàntan ló máa ń kà jáde. Ti ìwé àfọwọ́kọ, ẹ má wulẹ̀ dán an wò.

Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́, ohùn Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń lò kò sì mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ tàbí ọkọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni mo fi ń yẹ iṣẹ́ mi wò kí n tó fi sílẹ̀.

Mi ò ní pààrọ̀ NVDA ṣá. Lánàá ni olùkọ́ kan fi PDF olójú ewé 62 ránṣẹ́ sórí WhatsApp wa, fọ́tò látòkèdélẹ̀. Mo ti dé ojú ewé 19.