C. J. Dennis àbí Bruce Dawe: èwo ni kí ẹ fowó rà?

Ẹni tó bá fẹ́ fi ewì apanilẹ́rìn-ín mọ bí àwọn ará Ọsirélíà ṣe ń gbé nílé àti ládùúgbò, ìwé méjì ni màá gbé kalẹ̀ fún un: The Songs of a Sentimental Bloke ti C. J. Dennis, tó jáde lọ́dún 1915, àti Sometimes Gladness, àkójọ ewì Bruce Dawe. Òkìkí wọn kọ́ ni màá sọ. Ẹni tó fẹ́ náwó ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ní ti ẹ̀rín, kèékèé ni ti Dennis. Bill, ọmọ ìta kan ní Melbourne, kó sínú ìfẹ́ Doreen, ọmọge tó ń lẹ bébà mọ́ ìgò nílé iṣẹ́. Ó mú un lọ wo eré Romeo àti Juliet, ọmọ kan ń kiri ẹ̀pà láàárín eré, Bill wá ń ròyìn ìjà orí ìtàgé bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé wọn ni wọ́n ti jà á. Ẹ̀rín músẹ́ ni ti Dawe. Nínú “Life-Cycle”, aṣọ aláwọ̀ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń wé ọmọ tuntun ní ìpínlẹ̀ Victoria. Nínú “Homo Suburbiensis”, baba kan dá dúró sínú ọgbà ẹ̀fọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó ń gbóòórùn èéfín pàǹtí tí ẹnìkan ń sun, àwo ń dún nínú síǹkì.

Ní ti àdúgbò, Bill ò kúkú gbé ẹ̀yìn ìlú bíi ti baba inú ewì Dawe. Inú ìlú ló ń gbé, oko ni ìtàn rẹ̀ sì parí sí.

Ìtẹ̀jáde ló gbówó lọ́wọ́ mi. Dennis kú lọ́dún 1938, ẹ̀tọ́ oníwèé ti kúrò lórí iṣẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́ tà. Èyí tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èèpo rẹ̀ ń dán gbinrin. Mo ṣí i, kò sí àwòrán Hal Gye kankan, ẹni tó ya Bill bí ọmọ ọwọ́ abìyẹ́. Àlàyé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà lẹ́yìn ìwé ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ èdè ìgboro ni Bill ń sọ látòkè délẹ̀: ta ni yóò sọ fún mi pé ìjà ni “stoush”? Èyí tó wá burú jù: Dennis máa ń gé lẹ́tà kúrò kí ohùn Bill lè jáde, á sì fi àmì kékeré dí àyè rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi da ìwé àtijọ́ kọ ti gbé púpọ̀ nínú àmì wọ̀nyẹn mì. Ẹni tó bá ti ka ìwé Yorùbá tí kò ní àmì ohùn rí á mọ ohun tí ojú mi rí. Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á. Wọ́n ní bí ìwé ọ̀hún ṣe rí nìyẹn.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún Dennis, ẹ bi wọ́n: ṣé àwòrán Gye wà níbẹ̀? Àlàyé ọ̀rọ̀ ń kọ́? Tí wọn ò bá dáhùn tààrà, ẹ kọjá.

Dawe ò ní irú wàhálà yìí. Ọdún tí wọ́n kọ ewì inú rẹ̀ wà lára èèpo rẹ̀: ti àkọ́kọ́ jẹ́ 1954 sí 1978, ewì sì ń wọlé sí i nínú àwọn tó tẹ̀ lé e. Ẹ wá èyí tó dé 2005. Àlòkù rẹ̀ sábà máa ń ní ìkọ̀wé pẹ́ńsù àwọn ọmọ ilé ìwé, èmi ò sì rí i bí àbùkù; àwọn kan ń pa mí lẹ́rìn-ín ju ewì lọ.

Àmọ́ o, gbogbo Dawe kọ́ ni ẹ̀rín. “Homecoming”, tó dá lórí òkú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń kó bọ̀ láti Vietnam, wà níbẹ̀.

Méjèèjì ló dára, mi ò ṣègbè. Ẹ lọ ka Dennis lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Project Gutenberg, ìkànnì ìwé ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àlàyé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi owó ọwọ́ yín ra Dawe.